Òǹkọ̀wé Láìsí Òǹkàwé: Búlọ́ọ̀gù Nínú Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ìròyìn

Ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n ìkọ́ni tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ìròyìn ń lò láyé òde òní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣí búlọ́ọ̀gù, ìyẹn ojú-ewé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì máa kọ èrò rẹ̀ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nípa ìwé ìròyìn tó kà, fíìmù tó wò tàbí ètò rédíò tó gbọ́. Ọgbọ́n náà dára. A kì í dúró sí bèbè kọ́ odò wíwẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé òǹkàwé kì í sábà sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ nìkan ni yóò ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, tí yóò sì fún un ní máàkì, a jẹ́ pé ìwé ìdánwò ni a wọ̀ ní ẹ̀wù tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàn máa wá bí iye ọ̀rọ̀ yóò ṣe pé.

Àwòkọ́ṣe tó dára wà nílé. Ní ọdún 1929, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde. Obìnrin kan tí àìsàn ti dá wó, tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ni ó ń jẹ́wọ́ ayé ìṣekúṣe tó ti gbé nínú wọn. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn náà ń jáde títí di 1930, ọdún tí ó di ìwé. Àwọn òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni obìnrin yìí, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá òun ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938. Èyí tó kàn wá níhìn-ín ni bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí òǹkọ̀wé mọ̀ pé àwọn kan ń retí òun. Thomas dárúkọ àdúgbò Èkó, ó fi orin tí ará ìlú mọ̀ sí i, ó sì jẹ́ kí Sẹ̀gilọlá máa bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ tààrà. Olùmáàkì kan ṣoṣo kò lè fa irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ jáde lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.

Ẹ̀kọ́ kejì tún wà níbẹ̀. Kí ló mú kí àwọn ará Èkó gba ìtàn àròsọ gbọ́? Lẹ́tà ni wọ́n rí, inú ìwé ìròyìn ni wọ́n sì ti rí i, níbi tí wọ́n ti ń ka òótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ní òǹkàwé tirẹ̀ ni yóò mọ bí agbára yìí ti pọ̀ tó, àti gbèsè òótọ́ tó so mọ́ ọn.

Síbẹ̀, ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohun tí ọmọ ọdún méjìdínlógún kọ nítorí máàkì lè bá a dé ibi tí yóò ti wá iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kò yẹ kí olùkọ́ fi dandan tú àṣírí ọkàn ọmọ sí gbangba. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni òǹkàwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá fẹ́ lo orúkọ ìnagijẹ níta, kí ó lò ó, níwọ̀n ìgbà tí kò bá fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kí a sì fún un ní máàkì lórí bí ó ṣe dáhùn àríwísí àti bí ó ṣe tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ.

Ó ṣẹ́ ku ọ̀rọ̀ èdè. Yorùbá ni Sẹ̀gilọlá fi jẹ́wọ́, ìdí nìyí tí Èkó fi gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ gbọ́ òun, ẹ gbà á láyè kí ó fi Yorùbá kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní máàkì tó tọ́ sí i.