Ọjọ́ Àdéhùn ní Sábó

Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í tu àdúgbò. Oòrùn tó ti ń ta ni lórí láti ọ̀sán a rọra yẹ̀ sẹ́yìn àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Mẹ́rúwà a ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, kẹ́ẹ̀gì a máa kan kẹ́ẹ̀gì. Onísúyà a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ná, òórùn ẹran àti yájì a gba ojú títì kan. Lábẹ́ ibòji, àwọn tó ń ṣa obì ṣì wà nídìí àpò, wọ́n ń ya èyí tí kòkòrò ti lu sọ́tọ̀. Irú àkókò yìí lọ́jọ́ Sátidé ni àwọn ọmọkùnrin a máa jáde wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàwọn ti jẹ́sì tó ti ṣí láwọ̀, tàwọn ti bàtà tí wọ́n ti fi òwú rán lẹ́ẹ̀mẹta. Gbàgede oníyanrìn kan ni wọ́n ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá líìgì wọn.

Mo ti dúró wò wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ilé góòlù dé. Mọ́ńkí pósì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú wọn a fi ẹsẹ̀ wọn àárín òkúta, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, títí yóò fi pé mẹ́fà. Ẹnìkan láti ẹgbẹ́ kejì a tún un wọ̀n, nítorí pé ẹsẹ̀ kì í gùn bákan náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí góòlù tirẹ̀ fẹ̀ ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé kan ló ń dá mi dúró ju bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Kóòṣì ló ni ín, ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, tí ó fi ọ̀rá wé nítorí òjò. Ó fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ ẹgbẹ́, iye eré tí wọ́n ti gbá, iye tí wọ́n jẹ, iye ọ̀mì, iye tí wọ́n pàdánù, góòlù, máàkì. Ní ojú ewé kejì, gbogbo eré tó kù wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì rẹ̀, títí dé Sátidé tó gbẹ̀yìn. Omi ti kán sí igun kan, yíǹkì ibẹ̀ sì ti ràn, àmọ́ ó ti tún àwọn déètì náà kọ sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò rí i kà.

Ẹni tí kò bá tíì dá líìgì sílẹ̀ rí lè rò pé ohun kan náà ni òun àti gálà. Gálà rọrùn. Ẹni tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ a ra ife, a háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹgbẹ́ mẹ́jọ a wá, ẹni tó bá ṣubú a gba ilé lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gbé ife. Gálà ni ìgbéyàwó. Líìgì ni ilé ọkọ. Ẹgbẹ́ 6 tí yóò pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, eré 30 nìyẹn. Bí wọ́n bá ń gbá mẹ́ta ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ 10 gbáko ni wọn yóò fi máa jáde. Bí ojú Kóòṣì bá wọ̀ ọ́, tó sì gba ẹgbẹ́ 8 wọlé, eré ti di 56, ọ̀sẹ̀ ti di 19. Ẹgbẹ́ méjì péré ló fi kún un, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ líìgì tuntun ti ń kú, lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Ó yẹ kí irú àdéhùn yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ, àwa tí baba wa ń ná ọjà ọrọọrún. Kò sí ẹni tó ń kéde kiri pé ọjà di ọ̀la. Ẹni tó ru iṣu láti oko mọ̀ pé olówó yóò wà níbẹ̀, olówó náà mọ̀ pé oníṣu kò ní jókòó sílé. Bí oníṣu bá dé lẹ́ẹ̀mẹta tí kò bá ẹnìkan, ọjà yẹn ti tú, bí òrùlé àwọn ìsọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ṣì wà lókè.

Ọ̀rọ̀ ọjà yìí náà ló bí líìgì bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. William McGregor, ọmọ Scotland tó ń ta aṣọ ní Birmingham, tó sì wà nínú àwọn tó ń ṣe àkóso Aston Villa, kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1888. Ohun tó ń dùn ún ni pé wọ́n á dá ọjọ́ eré, èrò á jáde, ẹgbẹ́ kejì ò sì ní wá, nítorí pé eré ife kan ti já lu ọjọ́ náà. Ó ní kí àwọn jọ fọwọ́ sí i pé eré tí a bá ti dá ọjọ́ fún, gbígbá ni a ó gbá a. Ẹgbẹ́ 12 ló bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Aláṣọ ló ronú kàn án, kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ láràárọ̀ mọ ohun tí ọjọ́ àdéhùn jẹ́.

Owó kò lè ra àdéhùn yìí. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì lórí omi dídì, àwọn olówó kan dá líìgì tuntun tí wọ́n pè ní World Hockey Association sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ eré ní ọdún 1972. Ẹgbẹ́ 12 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi mílíọ̀nù kan dọ́là fa Bobby Hull, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbáhọ́kì, lọ sí Winnipeg. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹ́ kan á kó láti ìlú kan lọ sí òmíràn, òmíràn á kógbá sílé nígbà tí eré ọdún ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní 1979, ó parí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ló rí àyè wọ inú líìgì àgbà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 1988, àwọn mìíràn tún dá kékeré sílẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, East Coast Hockey League. Ẹgbẹ́ 5 ni. Àwọn ìlú tí kò lókìkí bíi Johnstown àti Erie ni wọ́n ti wá, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ lọ bá ara wọn. Líìgì yẹn ṣì wà títí di òní, ó sì ti bímọ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá líìgì sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo iye owó ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ tó tòṣì jù lè san láti dé ibi eré.

Ọdún 1972 yẹn kan náà ni líìgì bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè tiwa bẹ̀rẹ̀, Mighty Jets ti Jos ló kọ́kọ́ gbà á. Ó di 1990 kí ó tó di iṣẹ́ òòjọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ilẹ̀ Yorùbá rí ohun ńlá. Leventis United ní Ìbàdàn gba líìgì ní 1984, ó tún gbà á ní 1986, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní ọdún méjèèjì. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife kan náà ní 1985 àti 1987. Ta ni yóò sọ pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù? Síbẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni Leventis yọwọ́, ẹgbẹ́ náà tú ká. Abiola Babes náà ti di ìtàn. Àpò kan ṣoṣo ló ń bọ́ wọn. Ọjọ́ tí àpò kan bá dí, ẹni tó ń jẹ níbẹ̀ ti gbààwẹ̀ tipátipá.

Ní Sábó, kò sí àpò ńlá kankan tó lè dí. Bí èésú ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú díẹ̀ wá, wọ́n á fi ra bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi ra omi inú ọ̀rá, wọ́n á fún onífèrè ní owó ọkọ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá bẹ́, gbogbo ọwọ́ ni yóò wọ àpò. Kóòṣì kì í gba owó ẹgbẹ́ kan ju ti èkejì lọ, kódà bí ẹni tó fẹ́ fún un bá jẹ́ Àlàájì tó ń gbé nítòsí. “Àlàájì, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún un. Ẹ jẹ́ kí á fi ra omi fún gbogbo wọn.” Mo ti gbọ́ èsì yìí lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kí òṣù tó lé, ẹgbẹ́ kan yóò ti di ẹgbẹ́ Àlàájì, àwọn yòókù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fèrè onífèrè bí ẹni ń wo ejò.

Títo ọjọ́ ni iṣẹ́ tó gba làákàyè jù. Àárọ̀ Sátidé, ọmọ tó ní ìsọ̀ ń ta ọjà fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Jímọ̀, àwọn mìíràn wà ní mọ́ṣáláṣí. Bí àwẹ̀ Ràmàdánì bá dé, ta ni yóò sáré lẹ́nu gbígbẹ? Àsìkò ìdánwò WAEC, àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù ni ìyá wọn ń tì mọ́lé. Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, òjò Ifẹ̀ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àárín Àsárì sí Màgíríbì ni àyè tó kù, wákàtí méjì àti ààbọ̀ bí ó bá pọ̀. Kóòṣì ti ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 15, ìsinmi ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 15 mìíràn, eré mẹ́ta, àyè díẹ̀ fún awuyewuye. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà tún wá já lù ú. Nígbà ọ̀tútù tiwọn, agogo 3 ọ̀sán ní London ni agogo 4 wa, ìyẹn ni pé bí onífèrè Sábó ṣe ń gbé fèrè sẹ́nu, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ti kún dé ẹnu ọ̀nà fún Arsenal tàbí Chelsea. Olùworan kan lè fẹ́ràn ọmọ àdúgbò rẹ̀, kí ó sì tún san owó láti lọ wo ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò bínú. Wọ́n kàn ń pariwo sókè sí i kí àwọn tó wà nínú ilé lè mọ̀ pé góòlù ti wọlé níta náà.

Lédè Hausa, “tuntun” ni ìtumọ̀ sábó. Sabon Gari, ìlú tuntun. Ìlú wa pọ̀ tó ní Sábó tirẹ̀, Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣágámù, níbi tí àlejò tó wá ra obì ti di onílé. Ti Ifẹ̀ yìí ti rí dídùn, ó ti rí kíkan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná. Nítorí náà, bí mo bá rí ọmọ tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun àti ọmọ tó ń jẹ́ Sani tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ góòlù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ọ̀kan ń fi Yorùbá búra, tí èkejì ń fi Hausa dá a lóhùn, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́ ara wọn yéké, mo máa ń wo ọwọ́ onífèrè. Ó ń na ọwọ́ sí òkúta, ó ní bọ́ọ̀lù gba orí òkúta kọjá, kò wọlé. Wọ́n ráhùn, wọ́n padà sí ipò wọn. Ohun tó mú wọn padà ni pé wọn yóò tún pàdé. Nínú gálà, ẹni tó bá rẹ́ ọ jẹ lè má tún kàn ọ́ mọ́. Nínú líìgì, déètì ìpàdé yín kejì ti wà nínú ìwé Kóòṣì, kò sì dára kí ènìyàn ba ọ̀nà tó máa tún gbà jẹ́.

Gbogbo ènìyàn ló máa ń yin ẹgbẹ́ tó wà lókè. Tèmi, ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ń wá wò. Nínú èésú, ẹni tó kọ́kọ́ kó owó kọ́ ló gbé èésú dúró. Ẹni tí yóò kó kẹ́yìn ni, tó ń dá tirẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láì tíì fọwọ́ kan nǹkan. Líìgì náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi bá sọ pé ó tó, àwọn tó ń bọ̀ wá bá wọn gbá yóò pàdé yanrìn lásán, máàkì ọ̀fẹ́ á bẹ̀rẹ̀, ìlara á tẹ̀lé e, ọjà á tú.

Ní Sátidé tí mo lọ gbẹ̀yìn, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pàdánù eré méje nínú méje. Agogo mẹ́rin kọjá, ọmọ mẹ́ta péré nínú márùn-ún ló dé. Àwọn tó fẹ́ bá wọn gbá ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan lọ bá Kóòṣì: “Kóòṣì, ẹ kọ máàkì wa sílẹ̀, wọn ò ní wá mọ́.” Kóòṣì wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò fèsì, kò sì ṣí ìwé. Kò pẹ́, a rí méjì tó kù lókèèrè, wọ́n ń sáré bọ̀ láàárín ọmọlanke àti ọ̀kadà, ọ̀kan ṣì so àpò tó fi ń ta ọjà mọ́ ìbàdí. Wọ́n gbá a. Góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan ni wọ́n jẹ wọ́n.

Wọ́n ti ń pe Màgíríbì nígbà tí Kóòṣì kọ ọ́ sílẹ̀. Kápútẹ́ẹ̀nì ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ náà tẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀, òógùn rẹ̀ ń kán sí etí ìwé. Kò wo iye góòlù. Ó ti fi ìka sí ojú ewé kejì.

“Kóòṣì, ta la ó pàdé ní Sátidé?”