Ta ni Ẹ̀rín Ń Bá Wí? Ìròyìn, Bọ́ọ̀lù àti Kàyéfì Íntánẹ́ẹ̀tì Lẹ́nu Àwọn Aláwàdà

Ìfáàrà

Lóde òní, ìròyìn tí ó bá jáde ní àárọ̀ lè ti di ẹ̀fẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Gbólóhùn tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan ṣì sọ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹ̀sùn tí kò bá làákàyè mu, bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ kan gbá sóde, gbogbo rẹ̀ ni àwọn aláwàdà ń mú ṣe eré, tí àwọn ènìyàn sì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí ẹ̀rọ alágbèéká. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún kì í ṣe bóyá irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Ó ń pani lẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí ó tọ́ sí lámèyítọ́ ni ẹni tí ẹ̀rín náà ń bá wí.

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí àwùjọ Yorùbá. Ní ilẹ̀ Kétu àti ní agbègbè Ìmẹ̀kọ, òru Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àjogúnbá aráyé. Ní gbangba ọjà, òṣèré Ẹ̀fẹ̀ yóò kọ́kọ́ júbà, yóò súre fún ìlú, lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi orin tú àṣírí oníwàkíwà. Ẹni tí orin kàn lè wà ní ìdúró láàárín èrò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹbí rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Òṣèré mọ̀ ọ́n, òun náà mọ òṣèré. Ní ti kàyéfì ayé, Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò sá fún un rí: àwọn agbẹ́gilére ti gbẹ́ alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú sórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òru Ẹ̀fẹ̀ àti eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà náà, kò sí nínú pé ọ̀kan jẹ́ ti àtijọ́. Ó wà nínú pé aláwàdà òde òní kì í sábà mọ ẹni tí òun ń fi ṣẹ̀fẹ̀, kì í sì í pàdé rẹ̀ lọ́jà ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀gá tí ó wà lókè

Àpẹẹrẹ tí ó fi ìṣòro náà hàn jù lọ ni ti ọdún 2013. Ọ̀gá kan nínú àjọ NSCDC, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Sífú Dìfẹ́ǹsì, ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ sórí ètò òwúrọ̀ ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Channels. Wọ́n bi í ní àdírẹ́sì àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun kò fẹ́ dárúkọ ọ̀kan kí ọ̀gá òun tí ó wà lókè má baà dárúkọ òmíràn. Nígbà tí wọ́n tún bi í, ó pe lẹ́tà orúkọ àjọ náà, ó ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, 'my oga at the top' ti di orin, ó sì ti di àkọlé àyà ṣẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rín méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ni ẹ̀rín ẹni tí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni ẹ̀rín iṣẹ́ ọba tí ọmọ-abẹ́ kò ti lè sọ ohun tí gbogbo ayé lè rí kà láìgba àṣẹ. Èkejì ni ó wúwo, ṣùgbọ́n èkíní ni ó gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn aláwàdà: bí ọkùnrin náà ṣe ń wá ọ̀rọ̀, bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣẹ́. Ó yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn lásán ni ó lo gbólóhùn náà dáadáa jù. Ní ọ́fíìsì àti ní ibùdókọ̀, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ fún ọ̀gá èyíkéyìí tí ojú kò rí tí ọmọ-abẹ́ ń sá pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Bí ó bá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì kí ẹ̀kọ́ lè dùn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kálòlò, tàbí tí ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ ń hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, yóò mọ̀ pé òun náà wà lára ẹni tí kíláàsì ń fi rẹ́rìn-ín. Kò ní sọ ọ́ jáde. Yóò kàn dẹ́kun nína ọwọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè.

Ejò tí ó gbé owó mì

Ti ejò yàtọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ìròyìn jáde láti ọ́fíìsì àjọ JAMB ní Makurdi pé akọ̀wé kan sọ fún àwọn aṣàyẹ̀wò owó pé ejò ni ó gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. Owó káàdì tí àwọn tí ń wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga rà ni. Iṣẹ́ aláwàdà kò pọ̀ níbí, nítorí pé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ti jọ àlọ́. Ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́ bí Ìjàpá ṣe ń di ẹ̀bi ara rẹ̀ ru ẹranko mìíràn mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ kí apàlọ́ tó sọ ọ́ dé ìdajì. Ọgbọ́n tí ó pé jù lọ ni kí aláwàdà ṣe bí ẹni gbà á gbọ́: kí ó béèrè iye tí ejò lè mì lẹ́ẹ̀kan, kí ó béèrè bóyá ejò buwọ́ lùwé kí ó tó gba owó. Bí ó bá ṣe ń gbà á gbọ́ tó ni irọ́ náà ń tú tó. Síbẹ̀, akọ̀wé nìkan ni ẹ̀rín náà dúró lé lórí. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ owó náà kò fi bẹ́ẹ̀ gba àyè nínú eré.

Ẹ̀dá-ìtàn ni ó sábà máa ń gba irú àwàdà yìí là. Awò ńlá ojú Baba Sálà, Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí ó kú ní ọdún 2018, tó eré láìsí ìròyìn kankan. Gbénga Adébóyè, tí ó kú ní ọdún 2003, fi ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dá ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ lórí rédíò. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, Alhaji Pastor Olúwo, nìkan ti kó ìsìn mẹ́ta sínú agbádá kan ṣoṣo. Nínú àwọn ti òde òní, Débọ̀ Adébáyọ̀, Mr Macaroni, dá bàbá olówó oníṣekúṣe kan sílẹ̀. Bàbá náà ni ẹni ìfirẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọmọbìnrin tí ó ń tàn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìṣèlú fi ń bá ẹ̀dá-ìtàn náà mu tó bẹ́ẹ̀.

Oògùn lórí pápá

Bọ́ọ̀lù ni ó le jù láti ṣe lámèyítọ́ àwàdà rẹ̀, nítorí pé inú ìbànújẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ń jáde. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ikọ̀ Super Eagles pàdé orílẹ̀-èdè Kóńgò tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Kinshasa, ní ìlú Rabat. Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, Kóńgò dá a padà, eré sì parí ní 1–1. Kóńgò borí ní 4–3 nígbà tí wọ́n gbá pẹ́náritì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2026 ṣe dí mọ́ Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá Éric Chelle sọ pé ẹnì kan láàárín àwọn ará Kóńgò ń ṣe oògùn nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ́náritì.

Àwàdà tí ó bá èyí wá kò ṣòro: igbá, àdó, ọ̀sányìn lẹ́nu ọ̀nà góòlù. Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ pẹ̀lú. Ta ni kò tí ì gbọ́ ọ pé bí oògùn bá ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ilẹ̀ Adúláwọ̀ ì bá ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé? Ṣùgbọ́n aláwàdà tí ó bá jókòó ti igbá oògùn títí eré fi parí ti bá akọ́nimọ̀ọ́gbá sá fún ìbéèrè tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ Kétu ì bá pe akọ́nimọ̀ọ́gbá náà lórúkọ láàárín ọjà, kí ó bi í ní ohun tí oògùn ń ṣe ní gbogbo ọgọ́fà ìṣẹ́jú tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi rí góòlù kan ṣoṣo.