Ẹ̀rín àti Ìtìjú: Ìhà tí Akẹ́kọ̀ọ́ kan Kọ sí Modern Times

Charlie Chaplin ni ó kọ fíìmù Modern Times, òun ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó sì ṣe olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Ọdún 1936 ni fíìmù náà jáde ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀dá owó ti sọ ọ̀kẹ́ àìmọye òṣìṣẹ́ di aláìríṣẹ́ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ lámèyítọ́ sọ èrò rẹ̀ ní ṣókí: ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù parí, ojú tì í. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ni ó pa òun lẹ́rìn-ín nínú ìyà tí ń jẹ òṣìṣẹ́. Ìbéèrè náà tọ́ sí àgbéyẹ̀wò. Bí ẹ̀rín inú eré aláwàdà yìí bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ tí a fi òtòṣì ṣe, a jẹ́ pé fíìmù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí agbẹnusọ mẹ̀kúnnù ti da mẹ̀kúnnù náà.

Ìran tí akẹ́kọ̀ọ́ náà tọ́ka sí ni ti ẹ̀rọ tí ń fi oúnjẹ sí ènìyàn lẹ́nu. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà kò ju kí ó máa fi sípánà fún nọ́ọ̀tì lọ, lórí bẹ́líìtì tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣòwò kan wá gbé ẹ̀rọ kan wá fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jẹun mọ́. Òun ni wọ́n fi dán an wò. Kò pẹ́ tí nǹkan fi yíwọ́: ọbẹ̀ dà sí i láyà, àgbàdo ń yí bìrìbìrì mọ́ ọn léyín, nọ́ọ̀tì irin sì bá oúnjẹ wọ ẹnu rẹ̀. Ohun tí ó dun ọ̀gá kì í ṣe ìyà tí ó jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò wúlò fún un, ọ̀rọ̀ sì parí.

Èdè Yorùbá ní ohun tí a lè fi wọn ẹ̀rín yìí wò. Ẹni tí ó rín ènìyàn yàtọ̀ sí ẹni tí ó bá ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni ìṣáájú dúró lókè, ó ń wo ẹni tí ó ṣubú nísàlẹ̀. Ẹnì kejì jókòó ti onítọ̀hún. Nínú ìran yìí, ebi òṣìṣẹ́ kọ́ ni ó ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ni. Lẹ́yìn ìyà kọ̀ọ̀kan tí ó fi jẹ ẹ́, ó tún ń wá rọra nu ẹnu rẹ̀, bí ìyá tí ń tọ́jú ọmọ. Ìgbéraga àwọn tí ó rò pé irin lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni olùwòran ń rín, ìhà ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó sì ti ń rín in.

Ẹ̀rí èyí wà nínú ìran mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mẹ́nu bà. Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ náà ti ṣẹ̀wọ̀n tí ó sì ti rìn gbéregbère, ó di ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ní ilé-iṣẹ́ kan. Ẹ̀rọ ńlá gbé ọ̀gá rẹ̀ mì, orí ọ̀gá nìkan ni ó yọ síta. Àsìkò oúnjẹ tó, ẹ̀rọ sì dúró. Ọmọṣẹ́ jókòó ti ọ̀gá rẹ̀, ó ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ó tilẹ̀ gba inú odindi adìyẹ da kọfí sí i lọ́nà ọ̀fun. Níbí pẹ̀lú, oúnjẹ ń dà, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń bọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi ìran méjèèjì wé ara wọn yóò mọ ohun tí Chaplin ń bá jà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ohùn rí. Nínú fíìmù yìí, láti inú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́ ti ń wá jù: ọ̀gá ń pàṣẹ láti ojú gíláàsì ara ògiri, giramafóònù ni ó ń polówó ẹ̀rọ oúnjẹ, rédíò náà ń sọ tirẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ wá lanu kọrin níkẹyìn, àwọn ọ̀rọ̀ orin tí ó kọ sí etí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ti fò lọ. Ó hun ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, ó sì fi ọwọ́ àti ojú sọ ìtàn náà yé gbogbo ilé oúnjẹ. Aláìlóhùn kọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ni ọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ìtìjú akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dà orí òṣìṣẹ́ náà rú, ó mú sípánà lé obìnrin tí bọ́tìnì wà lára aṣọ rẹ̀ jáde sí ìgboro. Ìbẹ̀rù obìnrin náà kò jẹ́ nǹkan kan lójú fíìmù ju àwàdà lọ. Kò sí ẹni tí ó jókòó tì í. Níbẹ̀, rínrín ni a ń rín in, Chaplin ni ó sì yẹ kí a di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ní ìparí fíìmù, ọmọbìnrin aláìnílé tí Paulette Goddard ṣe bú sẹ́kún lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin náà gbà á níyànjú, ó sì ní kí ó rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó jọ máa lọ. Àwọn Yorùbá ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni òwe náà fún láṣẹ ẹ̀rín. Kí olùwòran tó bá a rín in, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ẹkún tí ó wà nídìí rẹ̀. Ìtìjú akẹ́kọ̀ọ́ náà fi hàn pé ó ti ń wá a.