Ègé Ọpọlọ Tó Gbé Agogo Dání

Hamster kò tóbi ju ìkúùkù lọ. Irun rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ kúkurú gan-an, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sì ń kó oúnjẹ sí bí òkété. Ilẹ̀ Síríà ló ti wá. Lọ́dún 1930, Israel Aharoni, onímọ̀ nípa ẹranko, rí ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú ihò lẹ́bàá ìlú Aleppo. Ìran ìyá yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn hamster tó wà ní yàrá ìwádìí kárí ayé. Ọ̀sán ló fi ń sùn. Òru ni tirẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ sínú àgò rẹ̀, yóò gun orí rẹ̀, yóò máa sá, kẹ̀kẹ́ á máa yí, òun náà á sì wà lójú kan. Kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, wáyà ni wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ yìí, wáyà á lọ bá kálàmù tó dúró lórí tákàdá tó ń fà lọ díẹ̀díẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, kálàmù á ta pọ́n, á fi àmì bíńtín sílẹ̀. Nígbà tí ẹranko bá sùn, ìlà gbọọrọ lásán ni. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gé tákàdá ti àná, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ti ìjẹta. Lẹ́yìn oṣù kan, ìgbé ayé ẹranko náà ti wà lórí pátákó fún ẹni tó bá fẹ́ kà á: ibi tí àmì ti ṣù pọ̀ ni ìgbà tó sá, ibi tó ṣófo ni ìgbà tó sùn.

Ẹ wá pa gbogbo iná yàrá, ẹ jẹ́ kí òkùnkùn biribiri wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò sí oòrùn tí yóò là, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú. Síbẹ̀, àkókò tó máa ń jí kò ní yẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójúmọ́. Agogo kan ń bẹ nínú ara rẹ̀ tó ń ka nǹkan bíi wákàtí 24.

Lọ́dún 1972, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì tí oníkálukú ń ṣe tirẹ̀, Moore àti Eichler ní Chicago, Stephan àti Zucker ní Berkeley, tọ́ka sí ojú kan náà nínú ọpọlọ eku. Ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti dábùú ara wọn. Suprachiasmatic nucleus ni wọ́n ń pè é. Ojúkò agogo ni èmi yóò máa pè é. Bí wọ́n bá ba ibẹ̀ jẹ́, ẹranko náà kò ní kú. Yóò jẹun, yóò sá, yóò sùn, ṣùgbọ́n wúruwùru ni: ìṣẹ́jú díẹ̀ níbí, wákàtí kan lọ́hùn-ún, lọ́sàn-án, lóru. Àmì orí tákàdá rẹ̀ kò ní lórí, kò ní nídìí.

Ṣé ìyẹn wá fi hàn pé ibẹ̀ ni agogo wà? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bà jẹ́ tí nǹkan fi dáwọ́ dúró lè jẹ́ ojú ọ̀nà lásán tí iṣẹ́ tí agogo ń rán ń gbà kọjá. Ẹni tí mo mọ̀ tó yanjú irú ìbéèrè yìí lọ́nà tó wù mí jù ni Michael Menaker, ọmọ tí wọ́n bí ní Vienna, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà.

Ológoṣẹ́ ló kọ́kọ́ lò, nígbà tó wà ní Texas. Nínú ẹyẹ yìí, kókó kékeré kan wà lókè ọpọlọ, lábẹ́ agbárí, tí wọ́n ń pè ní pineal. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, tí wọ́n sì fi ẹyẹ náà sínú òkùnkùn, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó ta pọ́ún-pọ́ún lórí igi mọ́. Òun àti Zimmerman wá sin ẹgbẹ́ ológoṣẹ́ méjì tí iná yàrá wọn kì í tàn lákòókò kan náà, tí ojúmọ́ àwọn kan kì í ṣe ojúmọ́ àwọn kejì. Wọ́n yọ pineal àwọn wọ̀nyí, wọ́n sì gbìn ín sára àwọn tí kò ní tiwọn mọ́. Ojú ni wọ́n gbìn ín sí! Àní nínú ẹyinjú, ní ààyè olómi tó wà lẹ́yìn awọ iwájú tó mọ́ gaara, ibi tó jìnnà sí ibùgbé pineal gan-an. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹyẹ tí kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí lásìkò. Àsìkò ẹyẹ tó ni pineal náà tẹ́lẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé. Ọdún 1979 ni wọ́n tẹ èsì yìí jáde.

Ti hamster le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 1987, àwọn olùwádìí ti mú ègé ọpọlọ ọlẹ̀, wọ́n ti gbìn ín sínú orí àgbà tí ojúkò agogo rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n sì ti rí i tí sísá lásìkò padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n wákàtí 24 ni gbogbo wọn ń kà. Ta ló máa mọ ti ta? Bóyá agogo onílé ṣì fara pamọ́ síbì kan, tí àlejò wulẹ̀ jí i.

Orí ló bá Menaker àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe é. Nínú àwọn hamster tí wọ́n rà wá, akọ kan ṣoṣo ń ka wákàtí 22 nínú òkùnkùn. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé ẹ̀rọ ló yarí, ìbá ju tákàdá náà nù. Martin Ralph, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Menaker, kò jù ú nù. Wọ́n mú akọ náà gun abo, ìdajì àwọn ọmọ jogún wákàtí 22. Nígbà tí wọ́n mú àwọn wọ̀nyí gun ara wọn, àwọn kan jáde tó jẹ́ wákàtí 20 péré ni ọjọ́ tiwọn. Lọ́dún 1988 ni ayé gbọ́ nípa jíìnì tó fa èyí, tí wọ́n sọ ní tau. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí hamster oníwákàtí 20 bá jí, ó ti fi wákàtí 4 yá ju ti àtẹ̀yìnwá, nítorí náà ìlà ìjí rẹ̀ ń dagun wá sápá òsì tákàdá, kò jọ ti ẹlòmíràn rárá.

Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Ní Yunifásítì Virginia, Ralph, Foster, Davis àti Menaker ba ojúkò agogo àwọn àgbà jẹ́, wọ́n dúró títí wọ́n fi rí i lórí tákàdá pé àsìkò ti pòórá, wọ́n wá gbin ègé ọpọlọ láti ara ọlẹ̀ ìran kejì. Àwọn oníwákàtí 24 gba ti oníwákàtí 20, àwọn oníwákàtí 20 gba ti 24. Ìgbàkígbà tí àsìkò bá padà, ti ẹni tó fi ọpọlọ sílẹ̀ ni. Ara onílé kò fi ìṣẹ́jú kan bọ̀ ọ́. Rúlà lásán tó láti wọn ìdáhùn lórí tákàdá, ìyẹn ni mo fi ń yìn wọ́n. Ẹran ló san owó rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1992, Vogelbaum àti Menaker tún ṣe èyí tó jọ àlọ́: wọn kò ba ti onílé jẹ́ tán kí wọ́n tó gbin ti àlejò. Tákàdá wá gbé ọjọ́ méjì jáde fún ẹranko kan ṣoṣo, ìlà kan ń dagun, èkejì ń lọ lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin kan náà sì ń jẹ́ ìpè méjèèjì.

Báwo ni ègé náà ṣe ń rán iṣẹ́? Rae Silver àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sínú àpò kékeré tí iṣan kò lè gbà jáde, àmọ́ tí omi-ara lè jò gbà. Sísá lásìkò padà síbẹ̀. Èsì náà jáde lọ́dún 1996. Omi-ara nìkan kò sì tó fún gbogbo nǹkan. Lọ́dún 1999, àwọn olùwádìí yẹ àwọn hamster tó ti gba ègé wò, tí wọ́n ń sá lórí kẹ̀kẹ́ ní wákàtí tó yẹ láìyẹ̀. Cortisol àti melatonin, hómóònù méjì inú ara wọn, kò tẹ̀ lé e: kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀ lásìkò bó ṣe máa ń ṣe lára ẹranko tí agogo rẹ̀ pé.