Ẹni Tó Kùn Ún Kẹ́yìn

Bí a bá gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan síwájú ọ̀mọ̀wé, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìlú wo ni agbẹ́gilére náà ti wá? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Igi náà ti tó ọdún mélòó? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Àmọ́ ẹnìkan wà tí wọn kì í kàn: ẹni tó po ọ̀dà, tó kun ère náà lọ́tun nígbà tí ọdún ku sí dẹ̀dẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí, torí pé inú iṣẹ́ rẹ̀ la ti lè rí ohun tí ọnà jẹ́ fún ẹni tí kò fi í wá oúnjẹ òòjọ́.

Ilẹ̀ tó wà láàárín Sakété, Pobè àti Kétu ni mò ń sọ, ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Adja-Ouèrè wà, pẹ̀lú Tatonnonkon tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀họ̀rí, Nàgó àti Fọ̀n ló jọ ń gbé agbègbè náà. Iṣẹ́ oko ló pọ̀ níbẹ̀: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, àti ọ̀pẹ pàápàá, tó fi jẹ́ pé Pobè ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ sí ní 1922. Nírú ibi báyìí, ẹni tó mọ ọ̀dà lò kì í sábà ní ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ní oníbàárà. Oko ló ń lọ, tàbí kó máa ránṣọ, tàbí kó máa fi alùpùpù gbé èrò. Ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n bí i bá ló jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ búrọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn ìkórè ni eré náà sábà máa ń wáyé. Wọ́n tún ń ṣe é nígbà ọ̀dá tàbí nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú, láti fi tu àwọn ìyá wa, ìyẹn àwọn obìnrin tó ní agbára àṣírí, lójú. Ẹ̀fẹ̀, eré olórin, ló ni òru, ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ni ọ̀sán. Kí ọ̀sán yẹn tó pé, wọ́n á ti gbé ère jáde láti inú àjà. Eruku ti bò ó, ọ̀dà ti ṣí ní ìpéǹpéjú àti létí. Wọ́n á fi aṣọ tútù nù ún, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ibi tó ti ṣí, wọ́n á sì kan ohun tó ti yẹ̀ lórí rẹ̀ padà, ìbáà ṣe ìyẹ́ ẹyẹ, ìbáà ṣe orí ejò tàbí táyà alùpùpù. Láyé àtijọ́, ẹfun ni wọ́n fi ń kun funfun, osùn ni pupa, èédú ni dúdú, aró náà sì wà. Nígbà tó yá, búlúù tí a fi ń fọṣọ wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀dà inú agolo dé, ó sì borí gbogbo wọn.

Kíkun ère yìí yàtọ̀ sí kíkun àwòrán tí a fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri. Orí ni oníjó ń gbé e sí bíi fìlà, ó dà síwájú díẹ̀, aṣọ ló sì bo ojú oníjó fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀. Inú ọjà ni, oòrùn mú, ẹsẹ̀ ń lọ kánkán, ìlù ló ń darí rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn èrò pàápàá gbọ́dọ̀ rí i. Ìdí nìyẹn tí ẹyinjú fi ń funfun gbòò tí dúdú sì yí i ká, tí ìlà ojú fi ń hàn ketekete, tí àwọ̀ kan kì í rọra yọ́ wọ inú èkejì. Ẹni tó bá pe èyí ní àìmọ̀ọ́ṣe kò tíì rí ère náà níbi tó ti ń jó.

Iṣẹ́ tó wá le jù ni pé méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń jáde, ère méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Agbẹ́gilére lè ti fi ìyàtọ̀ díẹ̀ sílẹ̀, kí imú ọ̀kan ga ju ti èkejì lọ. Ọ̀dà ni yóò bo àṣírí. Bí ìlà kan bá sì fi díẹ̀ sanra ju èkejì rẹ̀ lọ, gbogbo ọjà ni yóò rí i.

Ẹni tó ń kùn ún kì í dá a ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó tì í. Ọ̀kan ń po ọ̀dà, ọ̀kan di ère mú, òmíràn kàn ń wò ó ni, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, pupa yẹn ti pọ̀ jù o.” “Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ ná.” Mo ka irú ọ̀rọ̀ yìí sí lámèyítọ́ gidi, mo sì gbà pé ó sàn ju tèmi lọ ní ọ̀nà kan tó ṣe kókó: ìgbà tí ọ̀dà ṣì tútù ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni tó sọ ọ́ mọ ọwọ́ ẹni tó ń kùn, ó mọ bí ère náà ṣe rí lọ́dún tó kọjá, ó sì mọ̀ pé bí ó bá burú, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì ni yóò bàjẹ́ lójú ọjà.

Ilé Ifẹ̀ ní irú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè kì í fi iṣẹ́ ọdún yìí sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n á kùn lé e lórí, ti àtijọ́ á sì wọlẹ̀ sábẹ́ tuntun. Àwọn ayàwòrán tó dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, àwọn bíi Moyo Okediji, Kunle Filani, Bolaji Campbell àti Tola Wewe, lọ wo iṣẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí dáadáa. Wọ́n rí i pé iyẹ̀pẹ̀ àti ewé tó fún obìnrin wọ̀nyí ní àwọ̀ lè fún àwọn náà. Ní tèmi, bí wọ́n ṣe ń tún un kùn gan-an ló jọ mí lójú ju ohun èlò lọ. Àwòrán tí a ń tún ṣe lọ́dọọdún kò lè di ti ẹnìkan ṣoṣo, síbẹ̀ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan hàn nínú rẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àríyànjiyàn tó yẹ ká ṣe wà ní Òṣogbo. Ní 1962, Duro Ladipo àti Ulli Beier sọ ilé ọtí Ladipo di gbọ̀ngàn ọnà tí wọ́n pè ní Mbari Mbayo. Denis Williams, ọmọ Guyana, wá kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ àwòrán níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni Georgina Beier ṣe tirẹ̀ ní 1964. Ta ni àwọn tó jókòó kùn? Jacob Afolabi àti Rufus Ogundele jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Ladipo. Muraina Oyelami ń ṣeré, ó sì ń lùlù. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Ijó ló gbé Twins Seven-Seven débẹ̀, lẹ́yìn ẹni tó ń polówó oògùn kiri. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó tíì lọ ilé-ẹ̀kọ́ ayàwòrán nínú wọn. Ohun tí wọ́n ní ni ara wọn: wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, wọ́n jọ ń jẹun, ọ̀kan á kùn, èkejì á wo ohun tó ṣe.

Iṣẹ́ ìgbà yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu. Wo bí Seven-Seven ṣe fi bírò kún ìwé láìfi àlàfo sílẹ̀, tí iwin bí iwin, tí ẹja hu ọwọ́. Wo bí Buraimoh ṣe gbé ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lára adé, tó tò ó sórí pátákó, tó fi ọ̀dà kún àárín rẹ̀. Ẹni tí kò bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ kì í dé ibi tó jìnnà báyẹn. Nígbà tí àwọn òyìnbó àti àwọn arìnrìn-àjò wá ń rà á lọ, pátákó kò gbẹ tán kó tó kúrò nílé. Owó wọlé, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ ẹni tó rà á kò lè sọ pé ti èṣí dára ju èyí lọ, torí kò rí ti èṣí. Bẹ́ẹ̀ ni àsọtúnsọ ṣe wọ iṣẹ́ púpọ̀ nínú ti ẹ̀yìn ìgbà náà, tí àwọn aláfarawé sì kún ọjà. Wọ́n á ní owó ló ba Òṣogbo jẹ́. Èmi kò gbà. Ohun tó sọnù ni ẹni tó lè sọ̀rọ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ.

Mo mọ̀ pé a lè kúrò lábúlé kí á má pàdánù irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí Dossou Amidou ti Cové ṣe lọ sí ìpàtẹ Magiciens de la terre ní Paris ní 1989. Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọ́n bí ní 1962, ń fi kẹ́ẹ̀gì ṣe ojú èèyàn, ó sì gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní ìpàtẹ documenta ní 2007. Ibi tí iṣẹ́ Hazoumè ti lágbára ni pé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń gbé epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo láti Nàìjíríà wọ Bẹ̀nẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó ń gba ọ̀nà Igolo tàbí Pobè mọ̀ ọ́n, ó sì lè sọ bóyá ojú náà jọ ti ẹni tó ń gbé e.

Àwọn ilé ìpamọ́ wa ló kù. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá aráyé ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìwé Henry àti Margaret Drewal ti 1983 àti ti Babatunde Lawal ti 1996 ti ṣí ojú wa púpọ̀. Síbẹ̀, ère tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí ni àwọn olùkójọ ṣì fẹ́ràn jù, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ló hàn. Lójú àwọn tó ni í, ère tí wọ́n pa tì ni. Bí ère tuntun bá wọ ilé ìpamọ́ ní Àjàṣẹ́ tàbí níbòmíràn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi ti ẹni tó kùn ún kẹ́yìn kún un, pẹ̀lú ọdún tó kùn ún, àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ẹni tó ní kí wọ́n yí i padà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Abomey-Calavi tàbí ti Ifẹ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Adja-Ouèrè lẹ́yìn ìkórè tó ń bọ̀. Kó tètè dé, kí ọ̀dà tó gbẹ.