Orin Létí Ibùsùn Aláìsàn

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ketu tàbí Ikosi, ní Kosofe l'Ékòó, lọ́jọ́ tí àwọn aboyún ń gba ìtọ́jú, orin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Nọ́ọ̀sì á dá a, àwọn ìyá á gbè é tàtẹ́wọ́-tàtẹ́wọ́: orin fífún ọmọ lọ́mú, orin abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnikẹ́ni wò, ara ti balẹ̀. Àṣà yìí wù mí púpọ̀. Ó wù mí kó dé wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le pẹ̀lú.

Ariwo kò wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń dún tìì-tìì lórí aláìsàn, òmíràn ń bá a mí, tọ̀sán-tòru. Rọ́bà tó gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọlé kò jẹ́ kó lè sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Nínú gbogbo ìró wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Pé orin ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Lọ́dún 1859, Florence Nightingale kọ ọ́ sínú ìwé Notes on Nursing pé ohùn ènìyàn, fèrè àti ohun èlò olókùn, tí ìró wọn ń lọ láìjá, sábà máa ń ṣe aláìsàn lóore. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó dá sílẹ̀ ní London ni Kofoworola Abeni Pratt tiwa ti kọ́ṣẹ́, kó tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Lọ́dún 2013, Linda Chlan, nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 373 tí ẹ̀rọ ń bá mí. Àwọn tó ń gbọ́ orin tí àwọn fúnra wọn yàn, nígbà tó bá wù wọ́n, ẹ̀rù wọn dínkù, oògùn amúnisùn tí wọ́n lò sì kéré sí ti àwọn tí wọ́n tọ́jú láìsí orin.

Yíyàn yẹn gan-an ló jọ mí lójú. Aláàárù tó ti Jos wá sí Mile 12 lè fẹ́ orin Dan Maraya. Ìyá aláta lè fẹ́ àpàlà. Nọ́ọ̀sì tó mọyì ènìyàn kò ní fi orin ìjọ tirẹ̀ kàn án nípá. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibùsùn, á dín ohùn fóònù kù, á ní: “Màmá, ṣé àpàlà Haruna Ishola ni ká fi sí i fún yín? Bó bá jẹ́ òun, ẹ di ọwọ́ mi mú.” Ìka tó rọra ká yẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìyá náà rí sọ lọ́jọ́ yẹn.

Orin kò rọ́pò oògùn, àwọn nọ́ọ̀sì wa kò sì pọ̀ tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ará Kosofe, bí wọ́n bá dá ènìyàn yín dúró sí ọsibítù ìjọba ní Gbagada tàbí ibòmíràn, ẹ má gbé aṣọ àti omi nìkan lọ. Ẹ kó orin tó fẹ́ràn sórí fóònù kékeré kan, ẹ mú íápíìsì dání, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ṣeé lò, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ tí ẹ fi ń pe aláìsàn yín nílé fún un.