Ta Ni Wọ́n Ṣe yo-BJ Fún? Àríwísí Kan Láti Ṣábẹ̀

Nínú àkójọ ìsọfúnni tí à ń pè ní CLDR, tí Unicode Consortium ń bójú tó, tí fóònù Android àti iPhone sì ń lò láti mọ bí wọn yóò ṣe kọ ọjọ́, oṣù àti orúkọ orílẹ̀-èdè, ojúlé méjì ni Yorùbá ní. Èkíní ni yo, Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà. Èkejì ni yo-BJ, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Benin. Èkejì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, ìbéèrè mi kò sì ju ọ̀kan lọ: bí ará Ṣábẹ̀ bá mú fóònù rẹ̀ dání, ṣé òun ni ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é?

Àkọtọ́ yo-BJ tẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí ìgbìmọ̀ fi lélẹ̀ ní 1975, tí CENALA sì tún un ṣe ní 1990: ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ. (Ní 1974 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní tirẹ̀. Ọdún kan péré ló wà láàrin méjèèjì, síbẹ̀ kò jọ pé ẹnì kan bi ẹnìkejì léèrè.) Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ojúlé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló yí padà. Ṣẹ́rẹ́ di Shɛ́rɛ́, Ẹrẹ̀nà di Ɛrɛ̀nà, Ọ̀wàrà di Ɔ̀wàrà. Ọ̀pẹ̀ di Ɔ̀pɛ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, álífábẹ́ẹ̀tì Benin ní kp fún ìró yẹn. Ɔ̀kpɛ̀ ló yẹ kó jẹ́. Èyí tó tú àṣírí jù lọ ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nínú àwọn ẹ̀dà tó ti wọ inú sọ́fíwíà káàkiri, ẹni tó kọ yo gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ ṣ, ó kọ Ìsẹ́gun. Ní yo-BJ, Ìsɛ́gun ni a bá. Ká ní ẹni tó ń sọ èdè náà ní Benin ló jókòó kọ ọ́ ni, Ìshɛ́gun ni ìbá kọ. Àṣìṣe Nàìjíríà ti kọjá ààlà láìsan owó ibodè, èyí sì fi hàn pé ẹ̀rọ ló pààrọ̀ lẹ́tà, kì í ṣe ènìyàn ló ronú.

Orúkọ oṣù wọ̀nyí náà ńkọ́? Ní Nàìjíríà gan-an, Jánúárì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí. Ní Ṣábẹ̀, ẹni tó lọ sí ilé-ìwé ń fi Faransé pe oṣù. Kí a gba Shɛ́rɛ́ lọ́wọ́ Nàìjíríà kí a tó fi ɛ wọ̀ ọ́ láṣọ kò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Ṣábẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Nínú ISO 639-3, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fún ẹ̀ka-èdè Ṣábẹ̀ ní àmì tirẹ̀, cbj, wọ́n pè é ní Ede Cabe. Lẹ́tà c yẹn dúró fún ìró tí àwọn Faransé ń kọ ní tch, tí wọ́n fi ń kọ Tchabè, níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo ṣ. Fún ẹni tó ń sọ ọ́ nílé, àti ṣ àti sh, àlejò ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọwọ́ tó ń tẹ̀wé. Kíbọọ̀dù AZERTY ti Faransé ló wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì Benin. Ó ní bọ́tìnnì fún é, è, à àti ù. Kò ní fún á, í, ó, ú, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ɛ àti ɔ. Lórí fóònù, bí a bá tẹ e mọ́lẹ̀ lórí kíbọọ̀dù Faransé, é, è, ê, ë ló ń yọ jáde. Ìṣòro tó wà nínú èyí ju àìrí lẹ́tà lọ. Ẹni tó fi Faransé kọ́ ìwé kíkà kò ka àmì orí è sí ohùn ìsàlẹ̀. Irú fáwẹ́lì ló ń tọ́ka sí lójú rẹ̀: é ni e, è ni ẹ. Orúkọ ìlú náà gan-an ni ẹ̀rí: è tó kẹ́yìn Savè, fáwẹ́lì ẹ ló dúró fún. Gbé èdè, bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà, síwájú irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀, fáwẹ́lì inú orúkọ ìlú Ẹdẹ ni yóò pè. Àkọtọ́ kan wà lọ́wọ́ ará Ṣábẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìgbìmọ̀ kankan kò fọwọ́ sí, ó sì ń fi kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. yo-BJ kò mọ̀ pé ó wà.

Níbi ìwákiri ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Lójú Unicode, ọ jẹ́ o tó ní àmì nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ lè bọ́ àmì náà kúrò, kí o ṣẹ́ kù. Nítorí náà ẹni tó tẹ ojo lásán lè rí ọjọ́. Ɔ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó dá dúró ni, kò sí o kankan nínú rẹ̀ tí a lè bọ́ síta, àfi tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà bá dìídì kọ́ ọ pé ọ̀kan ni wọ́n. Ará Ṣábẹ̀ tó tẹ ojo kò ní rí ɔjɔ́ tí ìjọba tirẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n yóò rí ọjọ́ tí wọ́n kọ ní Ìbàdàn. Bí iléeṣẹ́ ìlera bá tẹ ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde lọ́nà tó tọ́ jù lọ ní Benin, ìkéde náà ni yóò ṣòro jù lọ fún ará Benin láti rí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti òdìkejì náà. Fún akójọ-ọ̀rọ̀, ɛ sàn ju ẹ lọ. Ẹ́ lè jẹ́ ẹ tí a fi àmì òkè lé, tàbí é tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, tàbí e lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Ojú kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà kọ ɛ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún ẹ́ ṣe nínú fáìlì rẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Bákan náà, àwọn ìgbìmọ̀ 1975 ní aṣàmúlò gidi lọ́kàn: ẹni tó kọ́ ìwé Fɔ̀n, tó yẹ kó lè ka Yorùbá tàbí Bariba láìtún bẹ̀rẹ̀ láti A. Èrò tó dáa ni, pàápàá fún orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ará Ṣábẹ̀ kò jìnnà sí ààlà. Yorùbá ló wà lápá ìlà-oòrùn rẹ̀, kì í ṣe Fɔ̀n, àkọtọ́ Nàìjíríà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sìn tó ń ti ibẹ̀ wá.

Àwọn kan yóò ní kí a kọ́ àwọn ènìyàn ní àkọtọ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ á sì parí. Mi ò lòdì sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ṣùgbọ́n láti 2013 tí WhatsApp ti gba ohùn láyè, ẹni tí kò rí ɔ tẹ̀ kò dúró de olùkọ́ kankan. Ó di bọ́tìnnì mú, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ ń bi í ti yàtọ̀ sí ohun tó fẹ́ sọ, ó sì ti yà kúrò lọ́nà.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kò le. Kí ẹ̀rọ gba ẹ, ɛ àti è Faransé wọlé bí ọ̀kan náà nígbà ìwákiri; ọ àti ɔ bẹ́ẹ̀; ṣ, sh, ch àti tch bẹ́ẹ̀. Kí aṣàmúlò fúnra rẹ̀ yan èyí tó fẹ́ rí lójú fóònù. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́rọ nìkan, nítorí àtẹ tó so ìró mọ́ gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọ ọ́ ni ó ń béèrè, àwa tí a ń kọ́ fonọ́lọ́jì la sì lè ṣe é. CLDR ní ojú-òpó kan, Survey Tool, tí ẹnikẹ́ni lè bẹ̀bẹ̀ fún àyè níbẹ̀ láti dábàá àtúnṣe nígbà tí wọ́n bá ṣí i. A lè bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìsɛ́gun.